Ìwé Apànìyàn àti Igbá Ọ̀gá Mi

Ìwé mọ́kànlá ni mo kà lọ́dún tí ọ̀kadà gbé mi ṣubú tí egungun ẹsẹ̀ mi ṣẹ́, kò sì sí ọ̀kan tó dáa nínú wọn. Ọmọbìnrin mi tó ń kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kó wọn wá fún mi nínú àpò ìrẹsì, ó ní kí n rí nǹkan fi ọkàn sí, kí n yéé jágbe mọ́ ìyá òun. Ó rà wọ́n ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ láàárín ẹni tó ń se indómì àti ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Èèpo ìwé kọ̀ọ̀kan ní àwòrán ilé kékeré kan, ológbò kan lójú fèrèsé, àti búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà pupa ń kán lẹ́nu rẹ̀, kí ẹni tí kò gbọ́n rárá náà lè mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ìtàn kan náà ni gbogbo wọn. Obìnrin kan wà tó ń ya àwòrán ní abúlé òyìnbó kan. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n á pa ẹnì kan, ẹni tí gbogbo abúlé ò fẹ́ràn, kí ikú rẹ̀ má baà dun òǹkàwé. Ọlọ́pàá á dé, ọlọ́pàá ọ̀hún á sì ya òpè. Obìnrin ayàwòrán á wo òkú náà lẹ́ẹ̀kan, á ní ọ̀dà búlúù tó wà létí ẹ̀wù rẹ̀ kì í ṣe irú búlúù tí wọ́n ń tà lábúlé yẹn. Á mu tíì. Á bá ológbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé bá fẹ́ parí, á kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀, á máa nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí apànìyàn á fi dìde fúnra rẹ̀ tí á jẹ́wọ́, bí ọmọ jẹ́léósinmi tó jí ṣọ́ọ̀kì kíláàsì.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí níbí ní Ọ̀yọ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, mo sì ń fín igbá. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi ìgbà tí obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ gan-an. Nínú gbogbo ìwé mọ́kànlá yẹn, àwòrán kan ṣoṣo ló yà parí, wọ́n sì jí ìyẹn gbé. Ẹ̀yìn kì í dùn ún, ọ̀dà kì í gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àti òkú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́fà, tí onílé àti àlejò ń wá wò! Níbí, bí Mùsùlùmí bá kú láàárọ̀, kí wọ́n tó kírun Alásárì, ó ti wọlẹ̀. Kí wá ni ayàwòrán fẹ́ yẹ̀ wò? Ẹkún pàápàá, wọn kì í sun ún nínú ìwé wọ̀nyẹn. Wọ́n pa ọkọ obìnrin kan láàárọ̀, ó ń gé kéèkì fún àlejò lọ́sàn-án. Ìwé àwọn tí nǹkan kan ò ṣe rí ni.

Mo kórìíra wọn, mo sì kà wọ́n tán. Èyí tó burú jù ni pé mo gbà wọ́n gbọ́. Nítorí ìwé wọ̀nyẹn ni mo ṣe ba iṣẹ́ obìnrin kan jẹ́, obìnrin tó fún mi lóúnjẹ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìyàwó ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni. Màmá ni gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ ń pè wọ́n.

Ilé ọ̀gá mi kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ìta la ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù. Ọ̀gá á fa ìlà sára igbá, àwa ọmọ iṣẹ́ á máa fín etí àti ìdí rẹ̀, ibi tí àṣìṣe ò ti ní hàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá gba ẹ̀lẹ̀, bí ìyẹ́ ẹyẹ tàbí òdòdó wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n ń kó lọ fún ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ọ̀gá kì í fín in lójú wa. Wọ́n á gbé e wọ yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Tó bá di ọjọ́ kejì, iṣẹ́ ti parí, á sì rẹwà débi pé a ó máa gbà á lọ́wọ́ ara wa wò. Wọ́n ní iṣẹ́ gidi kì í fẹ́ ojú púpọ̀. A gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Obìnrin kì í fín igbá nínú ẹbí yẹn. Wọ́n lè ha inú rẹ̀, wọ́n lè pa á láró, wọ́n lè rù ú lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú ọ̀bẹ.

Bí mo bá dé láàárọ̀, màá dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Màá yíjú sí Màmá tí wọ́n ń gbálẹ̀: "Ẹ kú ilé o, mà." Ọdún mẹ́fà ni mo fi kí wọn bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò pé ìkíni mi kù síbì kan.

Lọ́jọ́ tí mo gba fúrídọ́ọ̀mù, ọ̀gá fún mi ní igbá kan tí wọ́n fín ẹyẹ méjì sí, tí wọ́n kojú síra wọn. Ó ti lé lọ́dún méjìlá báyìí. Igbá yẹn ni mo máa ń gbé lọ sí kíláàsì. Màá gbé e sókè, màá ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ ọ̀gá nìyí. Ẹni tó bá ní ojú, kó fi wò ó." Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn gan-an, torí mo mọ̀ pé èmi ni mo ní ojú.

Ọ̀gá kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn láìlo ọ̀pá. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ni wọ́n, wọ́n sì ti ń ṣàìsàn. Màmá ní wọ́n kírun Àsùbáà, wọ́n tún dùbúlẹ̀, wọn ò sì jí mọ́. "Mo jókòó tì wọ́n ni," Màmá ń tún un sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, "mo jókòó tì wọ́n." Ẹni tí orí rẹ̀ bá pé á ní kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, á wá ibì kan jókòó sí. Ṣùgbọ́n èmi ti ka ìwé mọ́kànlá.

Mo wọ yàrá tí ọ̀gá ti máa ń ṣiṣẹ́. Igbá kan wà lórí ẹní tí wọ́n fín dé ìdajì, ẹyẹ kan tí ìyẹ́ apá rẹ̀ ò tíì parí, èèrún igbá sì fọ́n ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń fín igbá mọ̀ pé ibi tí ọ̀bẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà máa ń funfun, tó bá di ọjọ́ kejì, funfun náà á ti ṣá. Eléyìí ṣì funfun báláú. Ẹnì kan ti fín in láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, nígbà tí wọ́n sọ pé ọ̀gá ń sùn.

Mo tún wò ó. Ọ̀bẹ máa ń jìn níbi tó bá ti wọlé, á sì fẹ́lẹ́ níbi tó bá gbà jáde. Bí èèyàn bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, apá ibì kan ni gbogbo ìlà rẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́ sí. Bó bá ń lo òsì, òdìkejì ni. Ti ara igbá yìí, òdìkejì ni gbogbo wọn. Wọ́n ń wẹ òkú ọ̀gá mi lẹ́yìnkùlé, èmi wà nínú yàrá, mò ń fi fóònù ya fọ́tò èèrún igbá. Inú mi sì ń dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ rẹ̀, inú mi ń dùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń lo ọwọ́ òsì nínú ẹbí yẹn, àbúrò ọ̀gá, ọmọ bàbá wọn tó kéré jù, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé. Ní Takie ló ti ń ta igbá, òun ló sì ń bá ọ̀gá ta gbogbo iṣẹ́ àtàtà. Ó ní wọ́n pe òun lórí fóònù ni òun fi gbéra wá. Kí ló dé tí yóò fi pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Mi ò mọ̀. Nínú ìwé kẹrin, àbúrò ló fún ẹ̀gbọ́n ní májèlé nítorí ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ìyẹn ti tó mi.

Lọ́jọ́ kẹta, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò ọ̀gá ṣì wà ní Ọ̀yọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kí wọn kú ọ̀fọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Takie sì wà ní títì. Mo lọ bá obìnrin tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé korobá kan, mò ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ rà á.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tó ń ta igbá níbí ńkọ́? Ṣé ó máa ń tètè ṣí?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kú o. Ṣùgbọ́n ó máa ń tètè ṣí."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí náà?"

"Ọjọ́ yẹn? Rárá o, ó pẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò tíì pẹ́ tó dé tí wọ́n fi pè é. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà."

Mo gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀, mo fà sẹ́yìn, mo kọ ọ́ sínú ìwé péńpé kan tí mo rà fún iṣẹ́ náà. Obìnrin ayàwòrán inú ìwé ní irú ẹ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi, tó ní ọmọ ní yunifásítì, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní Takie, ó ń kọ "ó pẹ́ díẹ̀" sínú ìwé.

Mo ya ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Under G. Ó ń jẹun lọ́wọ́. Mo tẹ́ gbogbo ẹjọ́ náà síwájú rẹ̀, mo fi fọ́tò hàn án, mo ń retí kó pariwo. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Dádì, ìwé eré ni mo rà fún yín o."

"Wo ìlà yìí ná."

"Mo ti rí i. Ṣé ẹ ti bi Màmá? Àwọn ni wọ́n wà nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sọ nǹkankan fún ẹnikẹ́ni."

Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ ló ń kọ́, kí ló mọ̀ nípa ìlà. Mo ní ojú iṣẹ́ ọnà kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi JAMB wọlé sí. Mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa torí pé inú bọ́ọ̀sì tó gbé mi padà sí Ọ̀yọ́ ni mo ti ń rẹ́rìn-ín sí i, ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo dúró di ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ fìdáù. Inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ pé. Nígbà tí àwọn àáfà ti ṣàdúà tán, tí àlejò ń jẹun níta, ẹbí wọ pálọ̀ láti jíròrò. Mo ní kí wọ́n ṣàánú mi, kí wọ́n jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan. Olórí ẹbí ní, "Sọ ọ́, Tíṣà. Ọmọ ilé ni ọ́."

Mo dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí funfun igbá, mo bọ́ sórí ìlà, mo gbé fọ́tò yípo kí gbogbo wọn rí i. Mo sọ ti Takie. Mo ń rìn síwá sẹ́yìn nínú pálọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ṣì ń ro mí. Mo ní ẹnì kan wà nílé yìí láàárọ̀ tí ọ̀gá kú, ẹni náà ń lo ọwọ́ òsì, wọ́n sì ń bò ó mọ́ wa lójú. Mo wá dojú kọ àbúrò ọ̀gá, mo dákẹ́. Mo ti múra ìdákẹ́ yẹn sílẹ̀ láti àná.

Àbúrò ọ̀gá dìde. "Mo gbé ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárọ̀ yẹn. Èmi? Ẹ̀gbọ́n mi?" Ìyàwó rẹ̀ ti bú sẹ́kún. Ẹnì kan ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá, ẹlòmíràn ní ọlọ́pàá kẹ̀, nínú ilé fìdáù. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan ti di aṣọ ọkùnrin náà mú, ó ní kó ṣàlàyé ọwọ́ òsì.

Màmá jókòó sí kọ̀rọ̀ nínú aṣọ funfun tákàbá tí opó máa ń wọ̀. Màmá ní kí ẹbí fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kan lọ gbé igbá náà wá nínú yàrá, kó mú ọ̀bẹ rẹ̀ dání.

Wọ́n gbé e wá. Màmá gbé igbá lé itan, wọ́n mú ọ̀bẹ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi mú un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fín ìyẹ́ ẹyẹ náà láti ibi tó kù sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, bí ẹni ń ṣa ewébẹ̀. Gbogbo ìlà ń fẹ́lẹ́ sí òdìkejì. A ń gbọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń dún. Olórí ẹbí gbé ojú sílẹ̀.

"Èmi ni mo wà nínú yàrá," Màmá ní. "Wọ́n ti na ọwọ́ òsì yìí bí ẹní máa kú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ń fi ọ̀tún jẹun, mò ń fi ọ̀tún gba nǹkan. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mi ò lè fi ọ̀tún ṣe. Ọwọ́ bàbá yín ti ń gbọ̀n tipẹ́, kí Tíṣà tó gba fúrídọ́ọ̀mù ni. Wọn ò fẹ́ kẹ́nì kan mọ̀. Àbúrò wọn nìkan ló mọ̀, torí òun ló ń tà á."

Wọ́n fẹ́ èèrún kúrò lójú igbá.

"Mo ní mo jókòó tì wọ́n. Irọ́ ni. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, torí ẹni tó ni ín ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo gbọ́ tí wọ́n wúkọ́. Mo ní kí n parí ìyẹ́ ẹyọ kan yìí ná. Nígbà tí mo máa dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti lọ."

Nínú ìwé, ibí ni òǹkàwé ti máa ń mí kanlẹ̀. Wọ́n á mú apànìyàn lọ, obìnrin ayàwòrán á padà sídìí tíì rẹ̀. Kò sí apànìyàn nínú pálọ̀ yẹn. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tí mo fipá mú láti sọ fún gbogbo ẹbí pé ọkọ òun dá nìkan kú, àti pé ọkọ ọ̀hún, tí gbogbo Ọ̀yọ́ ń yìn, ti lé lọ́dún méjìlá tí kò ti lè fín ẹyẹ kan. Ojú tì mí débi pé mi ò lè tọrọ àforíjì. Mo kàn ń yí fóònù mi lọ́wọ́.

Kó tó di àṣálẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé Akẹ̀sán, ẹnì kan ti fi ohùn sọ ọ́ sórí WhatsApp. Ẹni tó ni igbá ẹlẹ́yẹ náà kò wá gbé e mọ́. Ó ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé lòun fẹ́ gbé e fún, kí wọ́n wá gba ẹ̀bùn tí wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣe, kí ni wọ́n máa rò pé òun ní lọ́kàn? Àwọn yòókù gbọ́, àwọn náà fà sẹ́yìn. Ohun tí Màmá àti àbúrò ọ̀gá ti jọ fẹnu kò sí kí ọ̀rọ̀ yìí tó tú ni pé Màmá á máa fín in lọ nínú yàrá bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, òun á máa tà á ní Takie, Màmá á sì rí nǹkan jẹ. Olórí ẹbí pe Màmá, ó ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ìtìjú yìí ti tó. Ìwé mọ́kànlá náà, mo kó wọn fún obìnrin tó ń ta ẹ̀pà sísun nítòsí ilé wa. Ó ń fà wọ́n ya, ó ń fi wọ́n pọ́n ẹ̀pà. Iṣẹ́ tó tọ́ sí wọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ fìdáù yẹn, nígbà tí mo délé, mo gbé igbá ẹlẹ́yẹ méjì tèmi sójú fèrèsé. Mi ò ní pẹ́ ẹ sọ. Gbogbo ìlà rẹ̀ pátá, láti ẹnu ẹyẹ dé ìrù, òdìkejì ni wọ́n ń fẹ́lẹ́ sí. Ọdún méjìlá ni mo fi gbé e sókè níwájú àwọn ọmọ, tí mò ń sọ fún wọn pé kí ẹni tó bá ní ojú fi wò ó.

Nígbà tí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tákàbá pé, mo gbé igbá náà lọ bá Màmá. Wọ́n jókòó síta, lábẹ́ páànù tí a ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí igbá kankan nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti gbá èèrún kúrò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo gbé igbá fún wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ìyẹ́ ẹyẹ náà lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ọdún yẹn, ojú ṣì ń ríran," wọ́n ní.

"Ẹ dákun, mà."

"Mo gbọ́ pé òun lo fi ń kọ́ àwọn ọmọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tíṣà, o gbélé yìí fọ́dún mẹ́fà, o tún fi iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ fọ́dún méjìlá. O ò kí mi kú iṣẹ́ rí, lọ́jọ́ kan."

Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún dá igbá náà padà fún mi, bí a ṣe ń fún àlejò ní nǹkan. Mo dìde. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo wo itan wọn, mo wo ẹ̀gbẹ́ wọn, kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀ tí mo lè kí wọn sí.

Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà." Wọ́n dáhùn, mo sì lọ.